Làpálàpá Ẹsẹ̀ àti Awọ Gbígbẹ tí ń Sí: Ipa Èdè Yorùbá Nínú Ìdámọ̀ àti Ìtọ́jú Wọn

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí làpálàpá tí ń mú ẹsẹ̀ àti àwọn àìsàn mìíràn tí ń mú kí awọ ara gbẹ, kí ó sì máa sí. Ó ṣàlàyé ohun tí ń fa làpálàpá ẹsẹ̀, ìtọ́jú tí ó bá a mu, àti ewu tí ó wà nínú fífi orúkọ kan ṣoṣo pe oríṣìíríṣìí àìsàn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ àìsàn lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí aláìsàn fi ń ṣàpèjúwe ohun tí awọ ara rẹ̀ ń ṣe, bí i yún, gbẹ, là, rùn àti kú, ni atọ́nà tí ó dára jù lọ sí ìtọ́jú. Ó parí pẹ̀lú àpẹẹrẹ bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè lo ìmọ̀ yìí nínú kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.” Ẹni tí ó bá pa ọ̀ràn ńlá tì, tí ó wá ń jà fitafita lórí ọ̀ràn kékeré, ni wọ́n máa ń pa òwe yìí fún. Ibi tí àlàyé sábà máa ń parí sí nínú kíláàsì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tún òwe náà yẹ̀ wò, yóò rí i pé ìmọ̀ ìṣègùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá máa ń jọra lójú. Àwọn méjèèjì lè yọ sí awọ ara bí àbàwọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti awọ tí ó yí i ká, àwọn méjèèjì sì lè gbẹ. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò wọ́n lè pe ọ̀kan ní èkejì. Òwe náà kìlọ̀ pé kí ènìyàn dá wọn mọ̀ kí ó tó mú oògùn lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ yìí kò tíì di ohun àtijọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó bá yọ sí awọ ara akẹ́kọ̀ọ́, tí ó gbẹ, tí ó sì ń sí, ni wọ́n ń pè ní làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wò. Ọyẹ́ ni ó gbẹ awọ ẹsẹ̀ ọ̀kan. Àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ èkejì ń bó nítorí bàtà kánfáàsì tí kì í gbẹ. Àtè tí wọ́n fi lẹ bàtà ẹnì kẹta ni kò bá ara rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá pe gbogbo rẹ̀ ní làpálàpá, oògùn kan náà ni wọn yóò rà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀, ohun ìpara ọlọ́ràá ni ẹni àkọ́kọ́ nílò, gbígbẹ ẹsẹ̀ àti oògùn tí ń pa ebu ni ti èkejì, pípààrọ̀ bàtà ni ti ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá fi òróró ti àkọ́kọ́ pa àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ èkejì, ṣe ni yóò túbọ̀ máa bó.

2.0 Làpálàpá àti Bàtà

Yorùbá ní orúkọ fún làpálàpá ara láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ àdáyébá kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú fẹnu kò sí fún èyí tí ń mú àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Àwọn kan a máa pè é ní làpálàpá ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a ní omi ni ó ń jẹ àwọn lẹ́sẹ̀. Ìtàn lè ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yà ebu tí ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú làpálàpá ẹsẹ̀ lóde òní ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Trichophyton rubrum. Èrò ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ nípa àrùn awọ ni pé, kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé, gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, àríwá Ọsirélíà àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ebu yìí fìdí kalẹ̀ sí. Ara ni ó máa ń mú níbẹ̀, kì í sábà mú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ lásán tàbí sálúbàtà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí àárín ọmọ-ìka wọn, oòrùn sì ń gbẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn dé pẹ̀lú bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ pátápátá, ebu yìí rí ilé tuntun tí ó gbóná, tí ó rin, tí ó sì ṣókùnkùn. Ogun àti ìrìnàjò gbé e dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi orúkọ àwọn eléré ìdárayá pè é, nítorí pé ibi ìwẹ̀ àjùmọ̀lò àti bàtà eré ni wọ́n ti sábà máa ń kó o. Ìdí nìyí tí kò fi bójú mu kí atúmọ̀ èdè kan pè é ní “ẹsẹ̀ eléré ìdárayá” ní èdè Yorùbá. Orúkọ náà yóò mú kí àgbẹ̀ tí ń wọ bàtà òjò, ọlọ́dẹ tí ń wọ bàtà aláwọ láti alẹ́ di òwúrọ̀, àti ọmọ ilé ìwé tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Làpálàpá ẹsẹ̀ ni ó tọ́ jù, nítorí pé ó sọ irú àìsàn tí ó jẹ́, ó sì sọ ibi tí ó wà. Ní ti “omi ń jẹ mí lẹ́sẹ̀,” òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Omi ni ó ń mú kí awọ rọ̀, tí ó fi ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn. Ebu ni ó ń gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé.

3.0 Ohun tí ń Fa Làpálàpá Ẹsẹ̀ àti Ìrísí Rẹ̀

Mọ̀lẹ́bí ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu ni ebu tí ń fa làpálàpá. Ohun líle tí ó wà nínú awọ òkè, irun àti èékánná ni oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, kì í sábà wọ inú ara lọ; orí awọ ni ó ń gbé. Ó lè ti ara ènìyàn kan mú ẹlòmíràn nípasẹ̀ ilẹ̀ balùwẹ̀ tí ó tutù, bàtà àyálò, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ìnura. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà yọjú.

Èkíní ni ti àárín ọmọ-ìka. Láàárín ọmọ-ìka tí ó kéré jù àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì há mọ́ra jù. Awọ ibẹ̀ yóò funfun, yóò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sómi, yóò bó, yóò là, yóò sì máa yún.

Èkejì ni ti àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Àtẹ́lẹsẹ̀ yóò gbẹ, yóò nípọn, ohun funfun bí ìyẹ̀fun yóò sì kún inú ìlà rẹ̀. Ó lè yí etí ẹsẹ̀ ká bí ìgbà tí ènìyàn ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí kò ga. Ó lè má yún rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ń fi ọdún púpọ̀ pa òróró sí i, ní èrò pé ẹsẹ̀ gbígbẹ lásán ni.

Ẹ̀kẹta ni ti iléròrò. Iléròrò wẹ́wẹ́ tí omi wà nínú wọn yóò yọ sí ibi kòtò àtẹ́lẹsẹ̀, wọn yóò yún gan-an, wọn yóò bẹ́, ibẹ̀ yóò sì máa sí.

Ó yẹ kí olùkọ́ fi ohun kan sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òkèèrè sọ pé awọ tí làpálàpá mú máa ń pọ́n. Lára ènìyàn dúdú, pípọ́n yìí lè má hàn. Ibẹ̀ lè dúdú ju awọ yòókù lọ, ó sì lè rí bí eérú. Ẹni tí ó bá ń wá pípọ́n nìkan lè má rí àìsàn tí ó wà níwájú rẹ̀.

4.0 Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ́gẹ́ Bí Atọ́nà

Nígbà tí orúkọ bá ti dàrú, ohun tí ó kù ni kí wọ́n bi aláìsàn léèrè pé, “Kí ni ó ń ṣe ọ́?” Ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò fi dáhùn ṣe pàtàkì.

(i) Yún: Làpálàpá máa ń yún, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Kúrúnà náà máa ń yún, tirẹ̀ sì máa ń le jù lóru. Ó máa ń wà láàárín ọmọ-ìka ọwọ́ àti ní ọrùn ọwọ́, kì í sì í pẹ́ tí àwọn ará ilé yòókù yóò fi máa họra. Bí ó bá jẹ́ pé orí ẹsẹ̀, níbi tí awẹ́ bàtà ti ń kan ara, ni ó ti ń yún, tí ó sì rí bákan náà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé bàtà náà ni kò bá ara mu. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé “ó ń yún mi” ni: níbo, nígbà wo, ta ni ó tún ń yún nínú ilé?

(ii) Gbẹ: Gbígbẹ tí ọyẹ́ fà kì í mọ sí ẹsẹ̀ nìkan. Ojúgun àti apá náà yóò funfun, ẹsẹ̀ méjèèjì ni yóò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi òrí pa á lójoojúmọ́, yóò rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti làpálàpá àtẹ́lẹsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òrí lè mú un dán, ṣùgbọ́n kò ní wò ó sàn. Àmì kan wà tí àwọn oníṣègùn awọ mọ̀ dáadáa: bí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bá gbẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo náà sì gbẹ bẹ́ẹ̀, làpálàpá ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Èékánná ẹsẹ̀ tí ó nípọn, tí ó sì ń rún, tún jẹ́ àmì mìíràn.

(iii) Là: Gìgísẹ̀ tí ó là sábà máa ń wá láti inú awọ tí ó nípọn jù tí ó sì gbẹ jù, pàápàá lára ẹni tí ń dúró pẹ́ tàbí tí ń wọ sílípáàsì tí kò bo gìgísẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àárín ọmọ-ìka ni ó là, làpálàpá ni ó sábà máa ń jẹ́.

(iv) Rùn: Ẹsẹ̀ tí ó ń rùn burúkú, tí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti ebu. Bakitéríà ni ó ń fà á, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀.

(v) Kú: Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni ó yẹ kí etí olùkọ́ ṣí sí jù lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní, “Kò yún mi, kò dùn mí, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ kú,” ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti làpálàpá. Wọ́n lè ní kí ó dijú, kí wọ́n fi òwú kàn án díẹ̀. Bí kò bá mọ ìgbà tí òwú kan ojú àbàwọ́n náà, tí ó sì mọ̀ ọ́n lára ibi tí ara le, kí wọ́n tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ti di àìsàn tí ó ń sàn. Láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí lílo àpapọ̀ oògùn fún un, láti 1995 ni oògùn náà sì ti di ọ̀fẹ́. Oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá ni wọ́n máa ń lò ó. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ìka fi ń bàjẹ́.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, àyẹ̀wò kan wà tí kò le. Wọn yóò ha ìpẹ́ díẹ̀ lára awọ tí ń sí, wọn yóò fi oògùn tí ń yọ́ awọ sí i, wọn yóò sì fi awò tí ń mú ohun kéékèèké tóbi wò ó. Bí ebu bá wà níbẹ̀, yóò hàn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó pẹ̀ka.

5.0 Ìtọ́jú

5.1 Gbígbẹ àti Ìmọ́tótó

Oògùn tí wọ́n bá fi sí ẹsẹ̀ tí ń padà sínú bàtà tútù kò lè pẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa wẹ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì nu àárín ọmọ-ìka kọ̀ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó wọ ohunkóhun. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú dára ju ti ọ̀rá lọ, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí bàtà jẹ́ méjì, kí wọ́n máa wọ̀ wọ́n ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan, kí èyí tí wọ́n bọ́ lè rí ọjọ́ kan gbẹ nínú atẹ́gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju bàtà kan lọ lè bọ́ ọ ní kété tí ó bá délé, kí ó yọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sóòrùn, kí ó sì wọ sálúbàtà títí di ọjọ́ kejì. Sílípáàsì ni kí wọ́n máa wọ̀ wọ balùwẹ̀ àjùmọ̀lò. Aṣọ ìnura ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ara, nítorí pé ebu máa ń ti ẹsẹ̀ gun abẹ́ lọ. Nítorí èyí kan náà ni ó fi dára kí ẹni tí ó ní i wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ó tó wọ pátá.

5.2 Oògùn tí ń Pa Ebu

Ìpara clotrimazole 1% wọ́pọ̀ ní kẹ́mísìtì. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n máa ń fi í pa ojú ibẹ̀, kí ó sì kọjá ojú ibẹ̀ díẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé bí yíyún bá ti dáwọ́ dúró ní ọjọ́ karùn-ún, wọn yóò gbé oògùn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yíyún ni ó lọ. Ebu kò tíì lọ. Ó yẹ kí wọ́n máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i lẹ́yìn tí awọ bá ti mọ́. Ìpara terbinafine 1% máa ń yá ju èyí lọ. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sábà máa ń tó fún ti àárín ọmọ-ìka.

Oògùn àtijọ́ kan tí ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ ni ìkunra Whitfield, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Arthur Whitfield, oníṣègùn awọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Benzoic acid 6% àti salicylic acid 3% ni ó wà nínú rẹ̀. Ó máa ń bó awọ tí ó ti nípọn kúrò pẹ̀lú ebu inú rẹ̀, nítorí náà ó wúlò fún àtẹ́lẹsẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń ta ènìyàn bí ojú ibẹ̀ bá ti bó tàbí là.

Bí àìsàn bá ti wọ èékánná, tàbí tí ó bá ti gba gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀, ìpara nìkan kì í sábà tó. Oògùn oníhóró wà fún un. Ti èékánná ẹsẹ̀ lè gba oṣù mẹ́ta. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́, nítorí pé ó lè kan ẹ̀dọ̀, kò sì yẹ gbogbo ènìyàn, pàápàá àwọn aboyún.

Oògùn méjì ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì lò. Nystatin ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yà ebu mìíràn, kì í pa ti làpálàpá. Ìyẹ̀fun inú kápúsù tí wọ́n ń tú dà sí ojú egbò kì í pa ebu rárá, bakitéríà ni wọ́n ṣe é fún.

5.3 Ewé àti Ohun Ìbílẹ̀

Ewé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù fún làpálàpá ni asùnwọ̀n òyìnbó, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Senna alata. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé àjèjì ni. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn èròjà tí ń gbógun ti ebu wà nínú ewé rẹ̀, àwọn kan sì ń gún un mọ́ ọṣẹ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ kì í dọ́gba láti ọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn. Bí làpálàpá kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò yẹ kí wọ́n máa fi ewé sún ọjọ́ síwájú.

Òrí dára fún awọ tí ó gbẹ lásán àti fún gìgísẹ̀ tí ó là. Ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí omi kò tíì gbẹ tán lára, ni ó máa ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé ó ń sé omi mọ́ inú awọ. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pa sí àárín ọmọ-ìka tí ó rin.

Ohun tí kò yẹ kí ó kan awọ rárá ni omi bátìrì, kẹrosíìnì àti omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Àwọn kan gbà pé bí ó bá ti ń ta ni ó ń ṣiṣẹ́. Awọ ni wọ́n ń jó. Egbò tí ó bá sì jáde lè burú ju làpálàpá lọ.

5.4 Ìpara Alápòpọ̀: Ìfarahàn tí ń Tanni Jẹ

Ewu tí ó tóbi jù lónìí wà nínú ìpara tí wọ́n po oògùn ebu, oògùn bakitéríà àti sítẹ́rọ́ìdì pọ̀ sínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá rí clobetasol tàbí betamethasone lára páálí rẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì nìyẹn. Ó máa ń dá yíyún dúró kíákíá, èyí sì ni ó mú kí ọjà rẹ̀ máa tà. Ṣùgbọ́n sítẹ́rọ́ìdì ń paná ìjà tí ara ń bá ebu jà. Ojú ibẹ̀ yóò tutù, ebu yóò sì máa tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, gbogbo rẹ̀ yóò tún jí. Ní 1968 ni àwọn oníṣègùn méjì, Ive àti Marks, fún làpálàpá tí sítẹ́rọ́ìdì ti pa ojú rẹ̀ dà báyìí ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí làpálàpá afarapamọ́. Bí ó bá pẹ́, awọ yóò fẹ́lẹ́, yóò sì ní ìlà tí kì í parẹ́ mọ́. Irú sítẹ́rọ́ìdì yìí kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra, nítorí náà ẹni tí ń bóra lè ní làpálàpá tí kò jọ làpálàpá mọ́.

Kì í ṣe ẹni tí ó lò ó nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ sọ ẹ̀yà ebu kan ní Trichophyton indotineae. Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti gbilẹ̀ kí ó tó dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, terbinafine kì í sì í sábà ran èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ kà sí okùnfà gbígbilẹ̀ rẹ̀ ni ìlòkulò ìpara alápòpọ̀.

6.0 Ìgbà tí ó Yẹ kí Wọ́n Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi làpálàpá ẹsẹ̀ ṣeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti kú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè má dé ibẹ̀ dáadáa. Bí àárín ọmọ-ìka bá là, bakitéríà lè gba ibẹ̀ wọlé, egbò kékeré sì lè di ohun tí wọn yóò gé ẹsẹ̀ sí. Ó yẹ kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí kí ọmọ rẹ̀ máa bá a wò ó.

Fún ẹnikẹ́ni mìíràn, àwọn àmì tí ó yẹ kí ó gbé e dé ilé ìwòsàn ni: ẹsẹ̀ tí ó wú, tí ó gbóná tí ó sì ń dùn, ọyún, ibà, àbàwọ́n tí ó kú, làpálàpá orí ọmọdé, nítorí pé ìpara kì í wo ti orí sàn, àti èyí tí kò yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti lo oògùn tí ó tọ́ bí ó ti tọ́.

7.0 Ìlò Nínú Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni láti kọ́ ọmọ bí ó ṣe lè sọ ohun tí ń ṣe é kí ẹlòmíràn sì gbọ́ ọ yé. Àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ kan nìyí:

Kíláàsì: Ọdún kejì, ilé ẹ̀kọ́ gírámà kékeré.
Orí-ọ̀rọ̀: Ọ̀rọ̀-ìṣe àti ìlera awọ ara.
Àkókò: Ogójì ìṣẹ́jú.
Èròǹgbà: Ní ìparí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè (a) lo yún, gbẹ, là, rùn, bó, wú àti kú nínú gbólóhùn, (b) sọ ìyàtọ̀ láàárín awọ gbígbẹ lásán àti làpálàpá ẹsẹ̀, (d) dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ènìyàn fi lè dènà làpálàpá ẹsẹ̀.
Ohun èlò: Àwòrán ẹsẹ̀ tí olùkọ́ yà, bàtà kánfáàsì kan, ìbọ̀sẹ̀ olówùú, òrí díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Olùkọ́ yóò pa òwe ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá, yóò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.
Ìgbésẹ̀ kejì: Yóò kọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà sójú pátákó; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi wọ́n ṣe gbólóhùn.
Ìgbésẹ̀ kẹta: Akẹ́kọ̀ọ́ méjì yóò ṣe eré aláìsàn àti nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn kankan títí yóò fi béèrè ìbéèrè mẹ́ta.
Ìgbésẹ̀ kẹrin: Olùkọ́ yóò fi àwòrán rẹ̀ ṣàlàyé ibi tí òrí tọ́ sí àti ibi tí kò tọ́ sí.
Ìgbéléwọ̀n: Kí ni ìyàtọ̀ láàárín “ẹsẹ̀ mi gbẹ” àti “ẹsẹ̀ mi kú”? Ta ni ó yẹ kí o kọ́kọ́ sọ èkejì fún?

Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan bọ́ bàtà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì yóò máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tútù kan náà lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, àìsàn náà yóò sì máa pọ̀ sí i. Bí olùkọ́ bá fura, kí ó pe ọmọ náà sápá kan. Kò sí ìdí láti lé ọmọ tí ó ní làpálàpá ẹsẹ̀ kúrò ní ilé ìwé.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé làpálàpá ẹsẹ̀ jẹ́ àìsàn tí bàtà sọ di ńlá, tí gbígbẹ ẹsẹ̀ àti oògùn tí wọ́n lò pé sì ń ṣẹ́gun. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo awọ tí ó gbẹ, tí ó sì ń sí, ni làpálàpá. Èdè Yorùbá ti ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ènìyàn nílò láti mọ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti lò wọ́n, kí òun náà sì fetí sí wọn. Bí ọmọ kan bá lè dúró níwájú nọ́ọ̀sì, kí ó sì sọ pé, “Kò yún mi, ó kú,” ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yẹn gba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ là. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa pa làpálàpá.